Obìnrin Tí Wọ́n Gba Ìyá Rẹ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀ Lórí Rédíò

Aránṣọ ni ìyá Abẹ́rẹ́. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló sì ń lò, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó jó lókè. Bí ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, láti àárọ̀ dọ́sàn-án ni ẹ̀rọ náà ń dún, gbìn, gbìn, gbìn, gbìn, kò ní sáré, kò sì ní fà sẹ́yìn. Ọmọbìnrin méjì á wà nísàlẹ̀ tábìlì, wọ́n á máa já òwú tó kù lára aṣọ. Èyí ẹ̀gbọ́n á máa kọrin tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Èyí àbúrò kì í kọrin. Á kàn fi etí ti ẹsẹ̀ tábìlì, á di ojú, á máa gbọ́. Ìyá wọn a ní, "Ọlọ́run ò fún mi lọ́mọ méjì o. Orí kan ló fún mi. Ó fi ẹnu sọ́dọ̀ ọ̀kan, ó fi etí sọ́dọ̀ èkejì."

Elétí yìí ni à ń sọ ìtàn rẹ̀.

Nígbà tó jáde ilé-ìwé, ó ní iṣẹ́ àtúnṣe rédíò lòun fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá òun. Àwọn ará àdúgbò fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin wo ló ń tú rédíò palẹ̀? Bàbá kékeré rẹ̀ dá wọn lóhùn pé rédíò ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ló mọ̀. Ọwọ́ ọmọ náà kì í sì í gbọ̀n. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, òun ni wọ́n ń gbé rédíò tó ti kú fin-ín-fin-ín wá bá.

Lórí pẹpẹ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀rọ àwo méjì wà níbẹ̀ tí àwọn tó gbé wọn wá kò padà wá wò mọ́. Ó tún méjèèjì ṣe, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí orin bá ti ń lọ sópin lórí ọ̀kan, á ti gbé àwo mìíràn lé èkejì, á fi ìka dá a dúró, á máa fi etí kan ṣoṣo gbọ́ ọ títí ìlù méjèèjì yóò fi ṣe wẹ́kú. Ìgbà yẹn ló tó máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń jó kò ní mọ ìgbà tí orin kan parí tí òmíràn gbà á. Torí pé ó tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò nídìí abẹ́rẹ́ tó ń họ orin jáde lára àwo, wọ́n sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára ju èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwọn tó ń ta ọ̀dà. Ẹnudùn ni wọ́n ń pè é. Bí o bá wọlé wá ra ọ̀dà funfun tí o fẹ́ fi kun fèrèsé kan, pupa tí o máa fi kun gbogbo ilé lo máa gbé jáde, wàá sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí máa ń gbọ́ orin Abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó ní, "Abẹ́rẹ́, ṣé ìwọ àti rédíò tó kú lẹ máa máa jó èyí ni?"

Òun ló bá a wá ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti ṣófo, tí wọ́n ń kó táìlì sí tẹ́lẹ̀. Òun ló bá onílé sọ̀rọ̀, tó yá sípíkà, tó lẹ ìwé mọ́ ara ògiri káàkiri. Wọ́n mú ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, láti aago méjì sí méje, torí pé àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹnudùn á di máíkì mú, á máa kí ènìyàn káàbọ̀. Abẹ́rẹ́ á wà lẹ́yìn tábìlì, kò ní sọ̀rọ̀ kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni ń dúró de mọ́tò làwọn ènìyàn ṣe dúró. Wọn ò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí. Ìlù kan náà ń lọ, ó ń lọ, kò dúró kí olórin mí, kò sí ìbẹ̀rẹ̀, kò sí òpin. Ọkùnrin kan kígbe pé kí wọ́n yí àwo náà padà, ó ti há. Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, tó bọ́ bàtà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni pé ó ń gbọn gbogbo ìrora ọ̀sẹ̀ náà dànù. Àwọn méjì dara pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, òógùn ti rẹ ògiri. Ní àwọn ìlú tó jìnnà, wọ́n ti ń pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní háòsì. Nílùú tiwọn, Abẹ́rẹ́ ni díjè àkọ́kọ́ tó gbé e, ọdún méjì gbáko ló sì fi ń gbé e kí ẹlòmíràn tó dán an wò.

Ìgbà tó yá, kò tó o mọ́ kó máa gbé orin olórin. Ó ra ẹ̀rọ ìlù alákùúfọ́ kan, ó tún un ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Lákòókò yẹn ni àìsàn ń ṣe ìyá rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá jókòó sídìí ẹ̀rọ láti parí aṣọ kan tó ti ṣèlérí fún oníbàárà. Abẹ́rẹ́ gbé rédíò onítéèpù wọlé, ó gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyá wò ó láti òkè. "Kí lo fẹ́ fi ariwo ẹ̀rọ ṣe?"

"Mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi ni kó o tọ́jú. Ẹ̀rọ ò lọ síbì kankan."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ̀rọ ò lọ síbì kankan. Ìyá ló lọ, kí oṣù náà tó parí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n sin ìyá, Abẹ́rẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé máíkì síwájú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ náà máa dún. Ẹ̀gbọ́n ò bèèrè ohun tí yóò kọ. Ó di ojú, ó ní, "Ẹ má tíì lọ o, Màmá." Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi kọ ọ́. Ó kọ nípa aṣọ tó kù lórí tábìlì, ó kọ nípa okùn ìwọnṣọ tó ṣì wà lára ìṣó, ó sunkún láàárín rẹ̀, ó tún ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tó parí, àwọn méjèèjì di ara wọn mú.

Abẹ́rẹ́ ti yàrá náà mọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fi ìró ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ìlù gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú orin oníṣẹ́jú mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló mú: "Má tíì lọ." Ó gé e, ó tò ó, ó ń dún, ó ń padà bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e nínú gbọ̀ngàn, àwọn ènìyàn kígbe, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ò jẹ́ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò dúró kó parí. Abẹ́rẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń jáde, ó rò pé ẹkún ló gbé e. Ó tún rí i pé Ẹnudùn tẹ̀ lé e jáde, ó sì dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹnìkan lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹnudùn ló ní kí wọ́n gbé orin náà lọ fún ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo. Abẹ́rẹ́ ní kó máa gbé e lọ, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ọlọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún un: orin tó ti parí, téèpù tí wọ́n fi gba ìró ẹ̀rọ, téèpù ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò da ẹyọ kan kọ. Ta ló ń da ohun tó kó fún ọ̀rẹ́ kọ?

Nígbà tí àwo náà jáde, orúkọ Ẹnudùn ló wà láàárín rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe orin, orúkọ ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Abẹ́rẹ́ yí àwo náà sí ẹ̀yìn, ó tún yí i padà. Kò rí tirẹ̀.

"Àṣìṣe àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni," Ẹnudùn wí. "Wọ́n máa tún un ṣe tí wọ́n bá tún òmíràn tẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n."

Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ wọ́n, àmọ́ ó mọ Ẹnudùn, ìyẹn sì tó o. Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Àṣìṣe náà ò kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kan báyìí ni ọ̀rọ̀ wá yọjú. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé rédíò wá kí Abẹ́rẹ́ bá òun tún un ṣe. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń dúró. Abẹ́rẹ́ lẹ wáyà tó já, ó dé e padà, ó tan án láti dán an wò. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde, ohùn Ẹnudùn ni.

Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Oníbèéèrè ní kó sọ bí orin tí gbogbo ayé ń jó sí yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹnudùn mí kanlẹ̀. Ó ní aránṣọ ni ìyá òun. Ó ní nísàlẹ̀ tábìlì lòun dàgbà sí, tí òun ń já òwú. Ó ní nígbà tí àìsàn ń ṣe ìyá náà, òun gbé rédíò onítéèpù sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá náà sì wo òun láti òkè, ó ní, "Èmi ni kó o tọ́jú. Ẹ̀rọ ò lọ síbì kankan." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi tó yẹ kó ti gbọ̀n.

Abẹ́rẹ́ mọ ìyá Ẹnudùn. Obìnrin náà wà láàyè, ara rẹ̀ le koko, ìwé ló ń tà lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ àgbà mi orí. Omi ti lé sí i lójú. "Ọmọ yẹn mọ rírì ìyá ẹ̀ o," ó wí.

Abẹ́rẹ́ pa rédíò náà. Ó nu eruku ara rédíò náà mọ́ tónítóní, ó gbé e fún un. "Ó ti ń ṣiṣẹ́, sà," ó wí.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ọ́fíìsì tuntun tí Ẹnudùn gbà. Ó bá a lórí àga, ó ń gé èékánná rẹ̀ sórí bébà.

"Ìyá ẹ wà láàyè," Abẹ́rẹ́ wí.

Ẹnudùn ò tiẹ̀ bi í pé kí ló dé. "Ìtàn làwọn ènìyàn ń fẹ́ gbọ́, Abẹ́rẹ́. Ìwọ ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì? Ta ló fẹ́ sọ ọ́ tí mi ò bá sọ ọ́?"

"O lè sọ pé ìyá mi ni."

"Wọ́n á bi mí pé ta ni ọ́."

Gbólóhùn yẹn gún un ju gbogbo ohun tó ti gbọ́ lórí rédíò lọ.

Ó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo. Wọ́n fèsì pé kí àwọn méjèèjì wá, kí ẹni tó bá ní ẹlẹ́rìí mú un dání. Abẹ́rẹ́ ò dààmú. Ẹlẹ́rìí wo ló tún ń wá? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní yàrá náà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó lọ bá a nílé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òtítọ́ nìkan ni kí ẹ sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ẹ̀gbọ́n ní òun ti gbọ́.

Àjà kẹta ni wọ́n ti ṣèpàdé náà, nídìí tábìlì gígùn kan tí wọ́n to ìgò omi sórí rẹ̀. Ọkùnrin onígíláàsì ojú kan ló ń bèèrè ọ̀rọ̀. Ẹnudùn sọ tirẹ̀, ó dùn létí. Abẹ́rẹ́ sọ tirẹ̀, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn láti tún ọjọ́ ṣe. Onígíláàsì wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Màdáámù, ẹ̀yin lẹ kọrin. Ta ló ṣe orin yìí?"

Ẹ̀gbọ́n wo ìgò omi iwájú rẹ̀. "Àwọn méjèèjì ni mo máa ń bá níbẹ̀," ó wí. "Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Àmọ́ Ẹnudùn ló pè mí pé kí n wá kọ ọ́."

Abẹ́rẹ́ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Òun tí gbogbo ayé ń yìn pé etí rẹ̀ ò sí irú ẹ̀, ó wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni pé ó máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Kò tún un sọ. Onígíláàsì kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn, nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ló tó lè la ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fi ṣe yín?" Síbẹ̀ náà, kò rí "o" fi pè é.

Ẹ̀gbọ́n dúró. "O bi mí? Ìwọ? Mo kọrin fún ìyá wa fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Gbogbo ohun tó wà nínú mi ni mo kọ. O gé e bí àkísà. O yọ Màmá kúrò. O tún yọ 'ẹ' kúrò. 'Ẹ má tíì lọ o, Màmá' ni mo sọ. Ìwọ ní 'Má tíì lọ.' O sọ ìyá wa di ẹgbẹ́ ẹ, o sọ òkú di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ kó wá jó. Ṣé o tiẹ̀ bi mí?"

Òótọ́ ni, Abẹ́rẹ́ ò bi í.

"Ẹnudùn bi mí," ẹ̀gbọ́n wí. "Lọ́jọ́ tí mo jáde yẹn, ó tẹ̀ lé mi, ó bi mí ohun tó ń dùn mí, ó sì dúró gbọ́ ọ. Bó ṣe mọ ohun tí Màmá sọ fún ọ nídìí téèpù nìyẹn; o sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo sọ fún un. Ó lóun máa mú mi káàkiri, òun máa jẹ́ kí n kọ ọ́ tán lójú gbogbo ènìyàn."

"Mo ṣẹ̀ yín," Abẹ́rẹ́ wí. "Àmọ́ ṣé ohun tí wọ́n fi ń san ìyẹn nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ ò dé gbọ̀ngàn mọ́ fún ọdún mẹ́rin. Ó tún rédíò ṣe, ó tún fáànù ṣe, ó tún ayọ́ọ̀nù ṣe. Bí wọ́n bá gbé orin náà ní ilé kejì, á lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé títí yóò fi tán. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ẹnudùn mọ́. Ẹni tó ń ta ọ̀dà funfun ní pupa, kí lèèyàn fẹ́ retí lọ́dọ̀ rẹ̀? Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò lè gbé mì, torí pé ẹ̀gbọ́n ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ tí kò ní ìdí, èèyàn lè bú ẹni tó hù ú kó sì gbàgbé. Èyí tó ní ìdí ni kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló wá fà á jáde. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ijó yìí. Àwọn tó ń gbé e báyìí, ariwo ni wọ́n ń pa." Abẹ́rẹ́ padà. Ó tún ṣe orin tuntun, méje, mẹ́jọ, mẹ́wàá. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kọ sára téèpù kó tó ṣe ohunkóhun. Àwọn díjè tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ ọ́n, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Síbẹ̀, kò sí ibi tó dé tí ẹnìkan ò ní wá sídìí tábìlì kó ní, "Màmá, ẹ gbé orin Ẹnudùn yẹn fún wa." Á mi orí, á ní òun ò gbé e dání.

Ẹ̀gbọ́n bá Ẹnudùn rìn káàkiri fún ọdún mẹ́fà. Ẹnudùn ò jẹ́ kó kọ orin náà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà làwọn ènìyàn ń fẹ́. Lórí pèpéle, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Ẹnudùn á sọ ìtàn ìyá rẹ̀ aránṣọ, á wá nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n, á ní, "Ọmọ oníbàárà ìyá mi nìyí. Ìyá mi ló ń rán aṣọ ilé-ìwé rẹ̀." Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì kọrin. Ọjọ́ tí ìyẹn sú u, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, kò dágbére fún un. Síbẹ̀, ó tún tó ọdún márùn-ún kó tó lè jókòó kọ òtítọ́ sílẹ̀ fún oníwèé ìròyìn kan. Ó kọ ohun gbogbo, ó kọ irọ́ tó pa lórí àjà kẹta náà mọ́ ọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé kọkànlá. Ilé-iṣẹ́ náà tún àwo tẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Abẹ́rẹ́ síbi tó yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnudùn ní òun ò ní ohun tí òun fẹ́ sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ka ìwé ìròyìn náà lẹ́ẹ̀kan, ó ká a, ó gbé e sí abẹ́ àwọn ìwé mìíràn. Ó ti rò pé ọjọ́ náà ni ọkàn òun máa fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n wá sí gbọ̀ngàn. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Abẹ́rẹ́ rí i, ó gbé àga fún un, ó gbé omi fún un, ó kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n. Ó wá padà sẹ́yìn tábìlì. Wákàtí mẹ́ta ló fi gbé orin, kò gbójú sókè sí ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó títí àwọn ènìyàn fi túká, ó ń wò ó bó ṣe ń ká wáyà.

"Mo ti sọ òtítọ́," ẹ̀gbọ́n wí níkẹyìn.

"Mo kà á. Ẹ ṣeun."

"Mo rò pé . . ." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Ṣé kí n tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Abẹ́rẹ́ so wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í dáadáa. Inú ń bí i sí ara rẹ̀ pé ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì dùn létí òun báyìí.

"Ẹ lè wá," ó wí. "Gbogbo ènìyàn la ṣílẹ̀kùn fún."